Orúkọ Tí Mo Pè Lóru

Mo pe orúkọ náà lóru, nínú fóònù,
ní yàrá mi ní Sábọ́n Gàrí, Kánò.
Iná ti lọ. Ẹ̀fọn ń kùn.
Òórùn awọ tí mo rà lọ́wọ́ Málàmù Tanímù
ṣì wà ní èékánná mi.
Awọ Tó Tọ́jọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ síbi kan tí n kò mọ onílé rẹ̀,
ó ní orúkọ ìkànnì yẹn wà nílẹ̀, ẹgbàárùn-ún náírà péré.
Mo ní kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Ilẹ̀ mọ́. Orúkọ ti di ti ẹlòmíràn.
Ẹni tí n kò rí rí, tí kò gbọ́ Yorùbá,
tí kò mọ ìyàtọ̀ awọ sí ọ̀rá,
ń tà á fún mi ní ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Báàgì mélòó nìyẹn?
Mo jókòó, mo ń kà á lórí ìka.

Ìyá tó bí mi kì í pe orúkọ ọmọ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé;
abẹ́ ahọ́n ló máa ń fi í pamọ́ sí.
Èmi ni mo lọ kígbe tèmi
sí gbogbo etí tó ń bẹ lójú afẹ́fẹ́.

Sàádátù, tó ń tún fóònù ṣe lọ́kánkán mọ́ṣáláṣí,
rẹ́rìn-ín títí kó tó fún mi ní àga.
Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti àwọn ọmọ mi lọ.
"Màmá, bí ẹ bá rí awọ tó wù yín ní Kófà Wàmbáì,
ṣé ẹ máa ń yìn ín sókè, kí ẹ wá ní ẹ ń bọ̀ lọ́la?"
N kò dáhùn. Ó mọ̀ mí.

A tún bẹ̀rẹ̀. Orí ìwé lákọ̀ọ́kọ́, bírò àti ìdákẹ́jẹ́.
Mo kọ Iṣẹ́ Ọwọ́.
Ó yọ àmì orí, ó yọ àmì ìsàlẹ̀,
ó ní ẹnu ọ̀nà yẹn kì í gba ẹrù.
"Ẹ kà á báyìí."
Mo kà á: ìṣẹ́ owó.
Ìṣẹ́! Lára ṣọ́ọ̀bù èmi fúnra mi!
Mo fà á ya.

Òmíràn, òmíràn, títí tíì mi fi tutù,
títí mo fi rí ewúrẹ́ kan lẹ́bàá gọ́tà,
ewúrẹ́ pupa, irú èyí tí awọ rẹ̀ ti ń bọ́ mi
láti ọdún kẹtàdínlógún,
ó ń jẹ páálí bisikíìtì.
Ewúrẹ́ Pupa. Sàádátù bọ́ ọ síhòòhò:
ewurepupa.
Ewúrẹ́ ṣì ni. Pupa ṣì ni.

Kò jẹ́ kí n pè é sókè.
Ilé ìforúkọsílẹ̀ tí òun náà ń lò la lọ,
ó ka àdírẹ́sì rẹ̀ lẹ́tà kan tẹ̀ lé lẹ́tà kan,
torí ayédèrú kan wà tó jọ ọ́ bí ìbejì,
lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi jù ú lọ.
Owó ti wà ní báńkì. A wò ó, ó wà, a san án
kí ẹnikẹ́ni tó mí.

"Ta ni kí n kọ sí onílé?"
Adégbenró, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ti ní kí n fi tòun sí i,
òun ló mọ kọ̀ǹpútà.
Mo rántí Láníhùn oníbúrẹ́dì,
tí ọmọ tó bá a ṣe tirẹ̀ gbé e sá lọ Kàdúná.
Ibi tí à ń wá búrẹ́dì sí tẹ́lẹ̀ ti di ilé tẹ́tẹ́.
Mo ní, "Kọ Mosúnmọ́lá Ògúnrìndé.
Ímeèlì mi. Nọ́ńbà mi."

Ọdọọdún ni n ó máa san owó okùn rẹ̀.
Bí okùn bá já, ewúrẹ́ ò ní dúró de ẹnì kan.
Mo kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, lábẹ́ ọjọ́ owó ilé.

Ẹ lè gbọ́ ọ báyìí, mo ti ń pè é.
Àmì tí wọn kò jẹ́ kó wọlé,
mò ń fi ìlu dá a sára báàgì kọ̀ọ̀kan:
ìlà tín-ínrín lókè,
ihò kékeré kan lábẹ́ ẹ.